Ṣájà yín nílẹ̀ òkèèrè: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ àdápítọ̀ tẹ́ ẹ nílò kẹ́ ẹ tó kúrò l'Ábẹ́òkúta

Ẹ̀yin èèyàn wa tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ l'Ábẹ́òkúta níbí, yálà Hajj lẹ̀ ń lọ ni o, yálà ọmọ yín tó parí ní FUNAAB ló ríwèé gbà sí Kánádà, yálà ọjà aṣọ lẹ fẹ́ lọ rà wá sí Ìtòkú, ọ̀rọ̀ ṣájà yìí kàn yín. Inú fóònù ni tíkẹ́ẹ̀tì yín wà, inú ẹ̀ náà ni nọ́ńbà ẹni tó fẹ́ wá pàdé yín ní ẹ́pọ̀tì wà, òun náà lẹ máa fi pe ilé pé ẹ ti gúnlẹ̀ láyọ̀, tó bá wá lọ kú mọ́ yín lọ́wọ́ nílẹ̀ onílẹ̀, wàhálà dé nìyẹn.

Ẹ wò ó, tẹ́ ẹ bá gba Ìdí-Ìrókò kọjá sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnù, ibi tí mọ́tò ń gbé èèyàn dé kílẹ̀ tó ṣú, ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ mú kúrò nílé ò ní wọ ojú iná wọn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wọ bàálù fún bíi wákàtí mẹ́fà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ṣájà yẹn náà máa wọlé wẹ́rẹ́ bíi pé Ìbarà lẹ wà. Bí ibi téèyàn ń lọ ṣe jìnnà tó kọ́ ló ń sọ bóyá a nílò àdápítọ̀, ìyẹn nǹkan kékeré tá à ń fi sáàárín ṣájà wa àti ojú iná tí ò bá a mu, ọ̀nà tí ìlú yẹn gbà fa iná ló ń sọ ọ́. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì làwa ń lò, ti àwọn Faransé làwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ń lò.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kó yé yín dáadáa ká tó lọ síbòmíì, torí òun ló ń jó nǹkan oní-ǹkan jù: àdápítọ̀ kì í yí agbára iná padà o. Ṣé ẹ mọ àrọ tá a fi ń rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì, ó kàn ń jẹ́ kí epo rí ẹnu ọ̀nà gbà ni, kì í sọ epo pupa di òróró, bẹ́ẹ̀ náà ni àdápítọ̀ ṣe rí. Tí iná tó wà lára ògiri bá jẹ́ 120 fóltì, 120 náà ló máa gba inú ẹ̀ kọjá, tó bá jẹ́ 230, gbogbo 230 yẹn ló máa dé ara nǹkan yín. Ohun tó ń yí agbára iná padà ni tiransifọ́mà, wọ́n á tún pè é ní kọnfátà, nǹkan míì pátápátá nìyẹn, owó ẹ̀ náà yàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ka ara ṣájà

Kẹ́ ẹ tó náwó lórí àdápítọ̀ kankan, ẹ kó gbogbo nǹkan tó ń lo iná tẹ́ ẹ fẹ́ gbé dání sórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣájà fóònù, ti lápútọ́ọ̀pù, ti aago ọwọ́, kílípà, power bank, ẹ̀rọ tí Màmá fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá jẹ́ èyí tó ń lo iná. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ INPUT sí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lẹ́tà yẹn máa ń kéré gan-an, ó sì lè jẹ́ àwọ̀ eérú lórí dúdú, torí náà ẹ fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ wá fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, ìyẹn ló rọrùn jù fáwọn tójú ń dùn.

Tẹ́ ẹ bá rí 100-240V àti 50/60Hz (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣájà yẹn máa ṣiṣẹ́ ní Japan tí iná wọn jẹ́ 100 fóltì, á ṣiṣẹ́ l'Ámẹ́ríkà tó jẹ́ 120, á ṣiṣẹ́ ní Kenya tó jẹ́ 240, ẹnu púlọ́ọ̀gì nìkan ló kù tẹ́ ẹ máa wá nǹkan ṣe sí. Ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù àti lápútọ́ọ̀pù ayé ìsinsìnyí ló rí bẹ́ẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé ohun tó wà nínú wọn kọ́kọ́ máa ń sọ iná ògiri di iná tó ń lọ tààrà, á wá máa tàn án á máa pa á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí iná tó bá níbẹ̀ bá kéré á jẹ́ kó wọlé pẹ́ díẹ̀, tó bá pọ̀ á tètè dá a dúró, títí tí iye tó ń jáde fi máa bá ohun tí fóònù fẹ́ mu.

Tó bá jẹ́ 220-240V nìkan ni wọ́n kọ, kò sí àdápítọ̀ tó lè gbà á là l'Ámẹ́ríkà tàbí Kánádà, ẹ fi sílé. Tó bá sì jẹ́ 120V nìkan, bóyá ẹ̀gbọ́n yín ló fi ránṣẹ́ láti Houston, ẹ má kì í bọ ojú iná Nàìjíríà, ẹ má sì kì í bọ ti Yúróòpù. OUTPUT tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ẹ̀, ìyẹn ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìlú tẹ́ ẹ̀ ń lọ, bí fóònù ṣe máa yára kún ló ń sọ.

Nǹkan tó ń gbóná

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí. Jọ́ọ̀gù tá a fi ń se omi tíì, áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun àtèyí tí wọ́n fi ń na irun, gbogbo nǹkan tó bá jẹ́ pé ooru ló ń mú jáde, wọn ò rí bíi ṣájà. Agbára iná kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ wọn fún. Ẹ mú jọ́ọ̀gù 2000 wáàtì tẹ́ ẹ̀ ń lò nílé lọ sí New York kẹ́ ẹ kì í bọ 120 fóltì, kò ní jó, ṣùgbọ́n agbára ẹ̀ máa já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 540 wáàtì, torí tí fóltì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì, ooru á dín sí bí ìdá mẹ́rin, ẹ máa dúró ti omi yẹn títí. Ẹ wá yí i padà, ẹ mú ẹ̀rọ ìnarun 120 fóltì tí wọ́n rà l'Ámẹ́ríkà kẹ́ ẹ kì í bọ 230 tiwa, agbára tó máa fà á ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, iṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó ti jó nìyẹn, ó sì lè gbé iná lé aṣọ tàbí bẹ́ẹ̀dì tẹ́ ẹ gbé e lé.

Àwọn kọnfátà kéékèèké tí wọ́n ń tà fún àwọn nǹkan gbígbóná wọ̀nyí, ẹ má fi ṣáájì fóònù o, iná tó ń jáde lára ọ̀pọ̀ wọn ò mọ́ tó fún ẹ̀rọ ẹlẹgẹ́. Ní tèmi, ẹ fi gbogbo nǹkan tó ń gbóná sílé. Áyọ́ọ̀nù wà ní ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, ẹ kàn béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà níwájú, ẹni tó sì ń lọ gbé ibẹ̀ kó ra tiwọn lọ́hùn-ún.

Kílípà náà ní tiẹ̀. Èyí tó ń fi USB ṣáàjì ò ní wàhálà. Èyí tó jẹ́ pé inú ògiri ló ti ń fa iná tààrà tó ń kùn yẹn, 50Hz ni wọ́n ṣe é bá lọ́dọ̀ wa, 60Hz ni Amẹ́ríkà, kódà Saudi Arabia náà 60Hz ni. Ẹ̀yin bábà tó ń lọ ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ẹ ka ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e. Bákan náà ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa oògùn asímà símú, tó bá jẹ́ èyí tó ní mọ́tò nínú, ẹ rí i pé 60Hz wà lára ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ tó bá jẹ́ Mẹ́kà lẹ̀ ń gbé e lọ. Ìlera lèyí, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa dé ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa wò.

Ibo gan-an lẹ̀ ń lọ?

Ibi tí ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa ti máa wọlé láìsí àdápítọ̀: Ìlú Ọba, Ireland, Dubai àti gbogbo UAE, Qatar, Malaysia, Singapore, Kenya. Ghana náà máa gbà á, àmọ́ ẹ lè bá ojú iná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta róbótó ti àtijọ́ níbòmíì níbẹ̀, irú èyí táwọn ilé àtijọ́ kan ṣì ní l'Ábẹ́òkúta níbí.

Ẹ̀yin Alhaji àti Alhaja lọ́la, Saudi ń lo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa, 230 fóltì. Ẹ kàn lè bá ilé àtijọ́ kan pàdé tó jẹ́ pé ihò pẹlẹbẹ méjì bíi ti Amẹ́ríkà ló wà lára ògiri, iná ibẹ̀ lè kéré sí ti ojú iná kejì tó wà nínú yàrá yẹn náà, ṣájà 100-240V ò ní kọ ọ́, nǹkan míì ni kẹ́ ẹ má kì bọ̀ ọ́. Ohun tó máa ń fa wàhálà ní Mínà ni pé èèyàn máa ń pọ̀ nínú àgọ́ ju ojú iná lọ. Ẹni tó bá mú ṣájà kan tó ní ihò USB mẹ́ta tàbí mẹ́rin dání, òun àtàwọn mẹ́ta míì máa jọ lo ojú iná kan láìsí ìjà.

Bẹ̀nẹ̀, Faransé: ihò róbótó méjì, irin kan sì yọ jáde láàárín sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀, áàtì nìyẹn, ìyẹn ọ̀nà tí iná tó bá ṣèèṣì jò ń gbà lọ sínú ilẹ̀. Jámánì, Spain, Tọ́kì, Íjíbítì: ihò róbótó méjì náà ni, ṣùgbọ́n áàtì tiwọn jẹ́ irin pẹlẹbẹ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ Íjíbítì, ọ̀pọ̀ ojú iná ibẹ̀ ò ní áàtì rárá. Àdápítọ̀ dáadáa kan wà tó ń bá irú méjèèjì mu, ó ní ihò kan láàárín ó tún ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ni kẹ́ ẹ béèrè, ẹ máa fi lọ Kútọnù ẹ máa fi lọ Berlin. Ẹ kíyè sí i pé sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn rì wọnú, ó rí róbótó bí ìsàlẹ̀ ife, àdápítọ̀ onígun mẹ́rin tó tóbi ò lè wọbẹ̀ débi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi máa kan iná. Switzerland àti Italy ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n tò yàtọ̀, ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tín-ín-rín ti Yúróòpù máa ń wọ méjèèjì. Ó tún máa ń wọ ti Ísírẹ́lì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ Jerúsálẹ́mù, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

South Africa tiẹ̀ da nǹkan rú díẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta róbótó ńlá ló pọ̀ níbẹ̀, inú àdápítọ̀ alápapọ̀ kì í sábà sí èyí, ẹ lọ ra tiwọn lọ́tọ̀.

Amẹ́ríkà àti Kánádà jẹ́ ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì, tàbí méjì pẹ̀lú róbótó kan nísàlẹ̀. 120 fóltì, 60Hz. Tó bá jẹ́ ilé àtijọ́ lọmọ yín fẹ́ gbé, ẹ ra èyí tó ní ẹsẹ̀ méjì, torí ojú iná tí ò ní ihò kẹta ṣì wà níbẹ̀. Àwọn kan á tún ní ẹsẹ̀ kan tó fẹ̀ ju ìkejì lọ, tí ò bá wọlé ẹ yí i padà, ẹ má fi agbára tì í.

Ẹ̀yin oníṣòwò tó ń lọ Guangzhou, tiyín ló yẹ kéèyàn sọ dáadáa jù. Ihò pẹlẹbẹ méjì bíi ti Amẹ́ríkà lẹ máa bá lára ògiri, ihò mẹ́ta tó dagun á sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Àdápítọ̀ Amẹ́ríkà máa wọ òkè yẹn. Ṣùgbọ́n 220 fóltì ló ń jáde níbẹ̀! Ihò kan náà yìí, 100 fóltì ló jẹ́ ní Japan, 120 ní Chicago, 220 ní China. Ẹni tó bá ń fi ìrísí ihò mọ agbára iná máa jó nǹkan lọ́jọ́ kan, ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ka ara ṣájà nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá dé Panṣẹ́kẹ́

Àdápítọ̀ wà nígboro, ẹ máa rí i ní Panṣẹ́kẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan fóònù àti kọ̀ǹpútà, ẹ máa rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan iná ní Kútọ̀ àti Làfẹ́nwá. Ẹ ra á nílé, ti ẹ́pọ̀tì máa ń wọ́n.

Ibi tó ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rèé. Èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ níbí, wọ́n ṣe é fún ẹni tó ra nǹkan tòkunbọ̀ tó ní ẹsẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí ti Yúróòpù tó wá fẹ́ kì í bọ ojú iná tiwa. Tẹ́ ẹ bá kàn ní "bọ̀dá, ẹ fún mi ní àdápítọ̀ Amẹ́ríkà", òun ló máa nà sí yín, kò pa irọ́ kankan fún yín o, òun ni gbogbo èèyàn ń rà lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé Atlanta, ẹ máa rí i pé òdìkejì ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ló wà lọ́wọ́ yín. Torí náà ẹ gbé ṣájà yín dání lọ sọ́jà. Ẹ sọ fún un pé: ṣájà mi rèé, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, mo fẹ́ kì í bọ ẹ̀yìn àdápítọ̀, kí iwájú àdápítọ̀ yẹn jẹ́ ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì. Ẹ tì í bọ̀ ọ́ níwájú ẹ̀. Ihò ni kó wà níbi tí tiyín ti máa wọlé, ẹsẹ̀ tiwọn ni kó yọ lódìkejì.

Lẹ́yìn náà ẹ wò ó dáadáa. Ṣájà yín gbọ́dọ̀ há dáadáa nínú ẹ̀, tó bá ń mì tìtì, iná á máa ta pàrà níbẹ̀, ooru á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ mì í létí, tí nǹkan bá ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú ẹ̀ ẹ gbé e padà. Ó yẹ kí wọ́n kọ iye fóltì àti áńpù tó lè gbé sára ẹ̀, bíi 250V 6A tàbí 10A, èyí tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára rárá, ẹ má rà á, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ wo ohun tí áńpù yìí ń sọ: àdápítọ̀ 6A lè gbé tó 1380 wáàtì níbi tí iná bá ti jẹ́ 230, ṣùgbọ́n l'Ámẹ́ríkà, 720 wáàtì péré ló lè gbé. Fóònù àti lápútọ́ọ̀pù ò ní sún mọ́ iye yẹn láé. Èyí tó bá ní fíúsì tó ṣeé yọ, tó sì ní ìdérí nínú ihò tí ò jẹ́ kọ́mọdé ki nǹkan bọ̀ ọ́, ó dáa ju èyí tí ò ní lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní nọ́ńbà kan fún àdápítọ̀ arìnrìn-àjò, BS 8546, tẹ́ ẹ bá rí i lára páálí ẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó wà lára nǹkan yẹn fúnra ẹ̀ náà.

Alápapọ̀ tó jẹ́ pé èèyàn á máa ta ẹsẹ̀ ẹ̀ síta bó bá ṣe fẹ́ ńkọ́? Ó wúlò fẹ́ni tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíì. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó máa ń yọ bọ́ lára ògiri l'Ámẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò sì ní áàtì. Tó bá jẹ́ ìlú kan lẹ̀ ń lọ, ẹ ra kékeré méjì ti ìlú yẹn nìkan, kí ọ̀kan máa wà ní báàgì ọwọ́.

Fún lápútọ́ọ̀pù, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn ju àdápítọ̀ lọ. Bíríkì ṣájà yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wáyà tó ti ara ẹ̀ lọ sí ògiri máa ń yọ. Ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ mú un lọ sí Panṣẹ́kẹ́, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní irú ẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí ti Yúróòpù. Owó táṣẹ́rẹ́ ni, wáyà tòkunbọ̀ irú ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún lápútọ́ọ̀pù ṣe, kò ní bọ́ lára ògiri, tó bá sì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wáyà yẹn, áàtì á wà. Tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kan ẹ̀yìn lápútọ́ọ̀pù onírin rí nígbà tó ń ṣáàjì tẹ́ ẹ rí i pé ó ń jó yín lọ́wọ́ wìrìwìrì, àìsí áàtì ló ń fà á. Ìwọ̀nba iná díẹ̀ ló ń gba inú ṣájà sá wá sára irin, kò lè pa èèyàn, àmọ́ ó ń dani láàmú.

Ẹ dákun, bá a ṣe máa ń fi bírò tàbí kọ́kọ́rọ́ ti ihò òkè lára sọ́kẹ́ẹ̀tì níbí kí ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé, ẹ má gbé e dé ibikíbi, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀ nílé pàápàá. Ihò òkè yẹn, áàtì ni, ẹsẹ̀ tó ń wọ ibẹ̀ gùn ju méjì tó kù lọ kó lè kọ́kọ́ dé, òun ló ń ṣí ìdérí ihò ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi bírò ṣí i, ẹsẹ̀ róbótó lẹ̀ ń kì bọ ihò pẹlẹbẹ, ó ń fẹ irin inú ẹ̀ lójú, kò sì sí fíúsì kankan láàárín. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ń yọ́ nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ dán an wò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀stẹ́ńṣọ̀n tá à ń lò níbí ní ihò tó ń gba pẹlẹbẹ tó ń gba róbótó, ẹ ti àdápítọ̀ yẹn bọ ibẹ̀ nígbà tíná bá wà, kẹ́ ẹ so fóònù mọ́ ọn fún nǹkan bí wákàtí kan. Ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tó bá gbóná débi tẹ́ ẹ ò lè dì í mú, tàbí tẹ́ ẹ gbọ́ òórùn rọ́bà, ó yá, ẹ dá a padà kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé.

Power bank àti ẹrù

Power bank ò gbọ́dọ̀ sí nínú ẹrù tẹ́ ẹ máa fi sábẹ́ bàálù. Báàgì ọwọ́ ni, gbogbo ọkọ̀ òfurufú ló gbà bẹ́ẹ̀, torí bátìrì yẹn lè gbiná, wọ́n sì fẹ́ kó wà níbi téèyàn ti lè tètè rí i. 100Wh (Wh ló ń sọ bí iná tí bátìrì lè gbà pamọ́ ṣe pọ̀ tó) ni iye tí wọ́n gbà láìjẹ́ pé ẹ tọrọ àṣẹ. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ báyìí: ẹ mú mAh tó wà lára ẹ̀, ẹ fi 1000 pín in, ẹ fi 3.7 sọ ọ́ di púpọ̀. 20,000mAh jẹ́ 74Wh, kò sí wàhálà. 30,000 jẹ́ 111Wh, ìyẹn ti kọjá, ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọkọ̀ òfurufú yín ná. Emirates tiẹ̀ ti sọ láti 1 October 2025 pé ẹyọ kan péré lèèyàn lè gbé, kò sì gbọ́dọ̀ lò ó nínú bàálù rárá. Ní China, láti 28 June 2025, èyí tí ò bá ní àmì 3C lára, ìyẹn àmì ààbò ilẹ̀ China, ò wọ bàálù tó ń fò láàárín ìlú wọn, ẹ̀yin tó ń ti Guangzhou fò lọ sí Yiwu ẹ gbọ́ o. Tí ìkọ̀wé ara power bank yín bá ti pa rẹ́, ẹ ra tuntun, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín.

Ẹ fi àdápítọ̀ kan àti ṣájà kan sínú báàgì ọwọ́ pẹ̀lú. Ẹrù lè pẹ́ kó tó dé.

Tẹ́ ẹ bá gúnlẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ so ṣájà mọ́ àdápítọ̀, kẹ́ ẹ tó wá kì í bọ ògiri, fóònù ló máa kẹ́yìn. Tó bá ta pàrà fírí lẹ́ẹ̀kan nígbà tó ń wọlé, ṣájà lápútọ́ọ̀pù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, tó bá ń ta á lọ ẹ yọ ọ́.

Ojú iná Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kì í sábà ní súwíìṣì lára bíi tiwa, tẹ́ ẹ bá ti kì í bọ̀ ọ́ iná ti dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n l'Ámẹ́ríkà, ẹ lè rí ojú iná kan tó jẹ́ pé súwíìṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń tan án, ẹ máa rò pé ó ti bàjẹ́, ẹ tẹ súwíìṣì yẹn wò. Èyí tó wà nítòsí omi máa ń ní bọ́tìnì kékeré méjì, TEST àti RESET, tí ò bá gbé iná wá ẹ tẹ RESET. Ní Ìlú Ọba, ihò tó wà ní bálùwẹ̀, fún ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n ni, ẹ má fi ṣáájì fóònù.

Ní òtẹ́ẹ̀lì, káàdì tẹ́ ẹ fi ṣílẹ̀kùn lẹ tún máa kì sára ògiri lẹ́nu ọ̀nà kíná tó wá. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ tẹ́ ẹ jáde, iná ti lọ, fóònù tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ò ní kún. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fún yín ní káàdì kejì, tàbí kẹ́ ẹ wo ojú iná tí fíríìjì ń lò, ìyẹn kì í sábà kú.

Tẹ́ ẹ bá pọ̀, ẹ mú ẹ̀stẹ́ńṣọ̀n kékeré kan láti ilé, ẹ fi àdápítọ̀ kan ṣoṣo sí ẹnu ẹ̀, gbogbo ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yín á máa wọ ibẹ̀. Fóònù àti lápútọ́ọ̀pù nìkan ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀ o, wọn ò fa iná tó nǹkan. Ẹ má gbé àdápítọ̀ kan gun òmíì lórí, ẹ má sì fi ṣájà sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Ẹni tó gbàgbé tiẹ̀ sílé, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà níwájú òtẹ́ẹ̀lì, àwọn àlejò máa ń gbàgbé àdápítọ̀ síbẹ̀, wọ́n á yá a. Ihò USB tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n náà máa ṣáájì fóònù, bó tilẹ̀ falẹ̀.

Tó bá jẹ́ ihò USB tó wà nígboro lẹ fẹ́ lò, ní ẹ́pọ̀tì tàbí inú bọ́ọ̀sì, tí fóònù bá bi yín pé ṣé kó gbé ìsọfúnni sọ́hùn-ún, ẹ ní rárá, iná nìkan lẹ fẹ́.

Ohun tẹ́ ẹ bá rà bọ̀

Tẹ́ ẹ bá ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ tẹ́ ẹ ra bùlẹ́ńdà tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ fún Ìyá nílé, INPUT náà lẹ máa kà nínú ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ 120V nìkan, tiransifọ́mà tó ń sọ 230 di 110 ló máa nílò l'Ábẹ́òkúta, kí wáàtì tiransifọ́mà yẹn sì ju ti bùlẹ́ńdà lọ dáadáa, torí mọ́tò máa ń fa iná púpọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí. Ẹ tún wo Hz, tó bá jẹ́ 60 nìkan ni wọ́n kọ, tiransifọ́mà ò lè yí ìyẹn padà, mọ́tò tó gbára lé e á máa falẹ̀, á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Fóònù àti lápútọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ rà lọ́hùn-ún ò nílò gbogbo ìyẹn, àdápítọ̀ tí wọ́n ṣe fún nǹkan tòkunbọ̀, tí mo ní kì í ṣe òun lẹ nílò ní Panṣẹ́kẹ́ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ìgbà yìí ló wúlò.